Ọwọ́ Méjì, Ọrun Kan, Kámẹ́rà Kan

Bàbá Gàárì ń dáhùn ìbéèrè yín

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì forí lé: báwo ni èèyàn ṣe lè so rọ̀ lára igi nínú gàárì, kó ta ọfà, kó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ ya fídíò ohun tó ń ṣe, láìsí oníkámẹ́rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Kí ẹni tí kì í ṣọdẹ má baà rò pé ẹṣin la fẹ́ gùn: gàárì tí à ń wí yìí, aṣọ líle ni, tí a ń wọ̀ mọ́ ìdí àti itan. Okùn kan ló so ó kọ́ igi. Èèyàn á kọjú sí igi, á rọ ara rẹ̀ sínú aṣọ náà bí ẹni tó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wà lórí pẹpẹ kékeré kan tí kò fẹ̀ ju ìwé ìròyìn tí a ṣí sílẹ̀ lọ. Kì í ṣe àṣà àná. John Eberhart, ará ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ti ń ta ọfà sí àgbọ̀nrín láti inú irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ ń jókòó sórí àga tí wọ́n dè mọ́ igi.

Ọdún kẹsàn-án tèmi nìyí, ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Ohio, nínú igbó ìjọba tí à ń pè ní Wayne National Forest àti lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ kan tó kọ̀wé fún mi pé kí n máa wọlé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe lálẹ́. Kámẹ́rà méjì ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, fídíò àgbọ̀nrín tó tóbi jù láyé mi kò sì sí níbì kankan. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Gàárì. Obìnrin ni mí, Columbus ni mò ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní ọfà títa. Mo ti parí ẹ̀kọ́ ọdẹ, mo ti gba láísẹ́ǹsì, mo sì ti ra gàárì. Ó wù mí kí n máa ya ara mi ní fídíò. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Níbo ni kí n gbé kámẹ́rà sí lára igi? Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fa ọsán. — Ọmọge Ọdẹ*

Ọmọge Ọdẹ, o kú ìmúra. Má tíì ra ohunkóhun.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ronú sí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ. Ilẹ̀ ló ti ń fi igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká, kì í ṣe ìgbà tó bá dé ìdajì ọ̀nà. Igbà kan náà ló wà lára gàárì rẹ: okùn tó ti ìbàdí kan yí igi ká bọ́ sí ìbàdí kejì, tó ń gbà ọ́ dúró bí o ṣe ń to àkàbà kéékèèké náà lọ sókè. Nígbà tí o bá dé ibi tí o fẹ́, wàá so okùn ìdè mọ́ igi ní ìwọ̀n orí rẹ, wàá fi kàrábínà, irin ìkọ́ tó ń pa ẹnu dé, kọ́ okùn iwájú gàárì mọ́ ọn, wàá fi gbogbo ara rẹ dán an wò, lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni wàá tó tú igbà. Bí o bá ṣì ní láti ronú kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, nínú òkùnkùn agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ, a jẹ́ pé kámẹ́rà kò tíì kàn ọ́. Fi oṣù kan gbáko so rọ̀ láìsí kámẹ́rà. Àkókò tí òfin yọ̀ǹda fún ọdẹ ọfà ní Ohio gùn, láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Àyè wà fún ọ.

Lẹ́yìn oṣù yẹn, owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó lé kámẹ́rà, apá kámẹ́rà ni kí o kọ́kọ́ ná an sí. Apá yìí ni irin tí a ń fi bẹ́líìtì dè mọ́ igi, tó ń ṣẹ́ po ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta, tí kámẹ́rà ń jókòó sí ìparí rẹ̀. Kámẹ́rà olówó ńlá lórí apá tó ń gbọ̀n, gbígbọ̀n ni yóò yà fún ọ. Kámẹ́rà àtijọ́ lórí apá tó dúró, pẹ̀lú orí olómi tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìta, yóò yà ohun tí èèyàn lè wò. Nígbà tí o bá ń dè é, rí i dájú pé ìdí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, omi kékeré kan wà nínú gíláàsì tó ń fi ìyẹn hàn ọ́. Bí ìdí bá dagun díẹ̀ báyìí, ìwúwo kámẹ́rà á máa fa apá náà lọ sí ibi tó rẹlẹ̀, wàá fi í sílẹ̀ kí o lè mú ọrun, bí o bá sì padà wò ó, ilẹ̀ lásán ló kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń gbé e sí wá kù. Ọmọ ọ̀tún ni ọ́, ọwọ́ òsì rẹ ló máa di ọrun mú, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ṣófo títí di ìgbà tí o bá fẹ́ fa ọsán. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ọwọ́ kámẹ́rà. Èyí tan èmi jẹ ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo wá so apá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún igi torí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ ọwọ́ mi. Ní gbogbo àkókò ọdẹ ọdún yẹn, èèpo igi ni mo yà. Ẹni tó bá wà nínú gàárì kọjú sí igi ni, apá òsì ló sì rọrùn jù fún ọmọ ọ̀tún láti ta ọfà sí, nítorí náà òsì ni a máa ń fẹ́ kí ẹran gbà kọjá. Kámẹ́rà tó wà lọ́tùn-ún yóò ní láti wo inú igi kọjá kó tó rí ẹran. Òsì ni mo ń dè é sí báyìí, ó ga díẹ̀ ju okùn ìdè lọ, mo sì ṣẹ́ apá náà po kí kámẹ́rà lè sọ̀ wá sí iwájú èjìká òsì mi, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún lè kàn án láìna tán. Má jẹ́ kí apá náà gba àárín ìwọ àti igi kọjá. Okùn iwájú rẹ ló wà níbẹ̀, wọn yóò sì lọ́ mọ́ra.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, láì fi ọfà sí i, fa ọrun díẹ̀ sí gbogbo ibi tí o rò pé ẹran lè gbà wá, kí kámẹ́rà sì wà níbi tí yóò wà bí o bá ń ta á ní tòótọ́. Wo orí ọrun, wo ìdí ọrun, wo ìgúnpá rẹ. Bí ọ̀kan bá kan irin, sún apá. Ariwo irin àti ọrun kò jọ ohunkóhun tí àgbọ̀nrín mọ̀ nínú igbó.

Gbogbo ohun tó bá lè já bọ́, fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ nǹkan. Kámẹ́rà mi àkọ́kọ́ já láti ẹsẹ̀ bàtà 18, òkúta ló sì gbà á. Má sì gun igi pẹ̀lú ọrun tàbí kámẹ́rà lọ́wọ́ o. Fi okùn fà wọ́n gòkè lẹ́yìn tí o bá ti so ara rẹ tán, kí ọfà wà nínú apó.

Igi ńkọ́? Mú èyí tó nípọn díẹ̀ ju èyí tí ìwọ nìkan nílò lọ, torí pé bí atẹ́gùn bá ń mì ín, fídíò náà á máa mì. Sá fún igi hickory tí èèpo rẹ̀ ń ṣí bí páálí. Bí bẹ́líìtì bá ti kàn án, gbogbo igbó ti gbọ́ pé o dé. Má sì kan ìṣó tàbí ìgbẹ́sẹ̀ tí a ń lọ́ sínú igi sí ilẹ̀ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló fòfin dè é.

Tí ẹran bá wá yọ ńkọ́? Èyí ni mo fẹ́ kí o máa ṣe nínú pálọ̀ rẹ títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n. Tan kámẹ́rà kí o tó mú ọrun. Gbé e sí ara ẹran. Sún àwòrán mọ́ ọn kí o lè rí i kedere, lẹ́yìn náà sún un sẹ́yìn padà, kí àyè wà níwájú ẹran àti lẹ́yìn rẹ̀, torí pé láti ìgbà tí o bá ti fa ọsán kò sí ọwọ́ kankan mọ́ tí yóò darí kámẹ́rà. Àwọn tó ń pàdánù àwòrán ọfà tó wọlé, sísún mọ́ jù ló ń ṣe wọ́n. Ẹran gbé ẹsẹ̀ méjì péré, ó ti jáde nínú àwòrán. Lẹ́yìn tí ọfà bá lọ, ọwọ́ ọ̀tún padà sára kámẹ́rà kíá, kí o tẹ̀ lé e bó ṣe ń sá. Ibi tí ojú rẹ ti rí i gbẹ̀yìn ni ìwọ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

*Bàbá, ẹ gbà mí. Igba ìgbà ni mo ti ya ẹran, ewé ló ń hàn kedere, ẹran á rí bàìbàì. Kámẹ́rà mi kì í ṣe ti pọ́ọ́kú. — Ẹni Ewé Ń Bá Jà, Pittsburgh*

Mo ní fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 41 kan nílé tó jẹ́ ewé igi beech kan ṣoṣo, ó mọ́ dé bi pé o lè ka iṣan rẹ̀. Ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Akọ àgbọ̀nrín tí ìwo rẹ̀ ní ṣóńṣó mẹ́jọ ni.

Autofocus, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò hàn kedere, kò mọ ẹran yàtọ̀ sí ewé. Ohun tó bá súnmọ́ ọn, tó ní etí tó mú, ni yóò gbá mú. Nínú igbó, ẹ̀ka ló máa ń súnmọ́ jù. Pa autofocus náà. Bọ́ sí manual focus, èyí tí ìwọ fúnra rẹ ń fọwọ́ yí, kí o tó jókòó, mú igi kan tó jìnnà tó yáàdì 20, ibi tí o rò pé ẹran yóò gbà kọjá, gbé ojú kámẹ́rà sí i títí yóò fi mọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá sún mọ́ jù, ohun tó wà láàrin yáàdì 15 sí 30 á ṣì dára tó. Bí àyè bá wà lẹ́yìn náà, tún un ṣe.

Àwọn kámẹ́rà tuntun kan wà tí wọ́n ní ó ń dá ojú ẹranko mọ̀. Mo ti dán ọ̀kan wò. Ní gbangba ó dára. Láàrin ẹ̀ka, ewé ló tún bá mi ya.

*Ṣé àgbọ̀nrín lè rí iná kékeré tó wà lára kámẹ́rà? — K.A.*

Iná pupa tó ń tàn níwájú kámẹ́rà kò dà á láàmú púpọ̀. Ojú àgbọ̀nrín kò mọ pupa dáadáa. Àwọ̀ búlúù ló mọ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ ojú kámẹ́rà, èyí tó ń tàn sí ọ lójú láàárọ̀ kùtù, ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù, torí pé búlúù kún inú rẹ̀, ó sì ń tan ojú rẹ fún gbogbo igbó rí. Dín in kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Pa gbogbo ariwo tí kámẹ́rà ń ké nígbà tí a bá tàn án.

Ní ti iná pupa, mo fi téèpù dúdú bò ó ní ọdún kẹta mi, torí pé ẹnì kan ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá ni, ìgbà tí akọ ń lé abo kiri. Akọ kan jáde, orí rẹ̀ wúwo. Mo tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kò dá mi lójú pé mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tàn án, mo sì pa á. Lẹ́yìn tí ẹran ṣubú tí mo na ọwọ́ láti pa kámẹ́rà, ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán. Ìdajì wákàtí bàtà mi àti ohùn mi tó ń kọrin ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò wo iná mọ́, mi ò sì gbọ́kàn lé ìka mi. Nọ́ńbà ìṣẹ́jú-àáyá tó ń sáré lójú kámẹ́rà ni mò ń wò. Bí kò bá sáré, kò gbà á.

*Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi ló ń kàwé yín, èmi ni mò ń kọ lẹ́tà. Òun nìkan ló ń lọ sínú igbó, kámẹ́rà ló sì gbà á lọ́kàn báyìí. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ ṣubú, okùn á gba òun. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Indiana*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìsùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé.

Okùn náà lágbára. Kàrábínà tó dára, wọ́n á kọ 22 kN tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i lára, ìyẹn ju ìwúwo kílò 2,000 lọ. Kì í ṣe okùn ni yóò já. Ṣùgbọ́n okùn gàárì kì í fà bíi rọ́bà. Bí ó bá wà ní fífà gírígírí nígbà gbogbo, ọkọ yín kò lè ṣubú, yóò kàn rọ̀ ni. Bí ó bá dẹ̀, tí ó fi àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré sílẹ̀, òun yóò já wálẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn, okùn náà yóò sì dá a dúró lójijì. Ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Gàárì kì í ṣe ohun tí a ṣe láti gbani dúró bí a bá já láti òkè. Ohun ìjókòó ni.

Ibi tí kámẹ́rà ti ń fa wàhálà gan-an nìyí. Ọdẹ tí kò ní kámẹ́rà, ẹran ló ń wò, ara rẹ̀ sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà. Ẹni tó ń wo ojú kámẹ́rà ti wọ inú fèrèsé kékeré kan, ó lè máa tẹ̀ lé ẹran yí igi ká títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò lórí pẹpẹ. Tàbí kó tú okùn ìdè díẹ̀ kó lè na ọwọ́ débi tí ó so apá kámẹ́rà mọ́. Mo ti ṣe ti ìkejì yìí rí, kì í ṣe ohun tí mo fi ń yangàn.

Ohun kejì, iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá so rọ̀ láì lè gbé ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró sí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, kò ní padà sókè tó bó ṣe yẹ, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè dákú. Gàárì sàn ju ìdè àyà lọ lórí èyí, torí pé ìjókòó ni. Síbẹ̀, kí ó ní okùn kan tó lè ki ẹsẹ̀ bọ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó gbé ara rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́.

Ẹ ní kó ṣe èyí fún yín ní Sátidé. Kó so gàárì mọ́ igi kan lẹ́yìnkùlé, kí pẹpẹ má ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sílẹ̀. Kó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ wọ̀, aṣọ òtútù, kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀. Kó wá mọ̀ọ́mọ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ níṣojú yín, kó sì fi hàn yín bí yóò ṣe padà sórí rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é lẹ́yìnkùlé, kò lè ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà 20 nínú òtútù. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín mi débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú.

Fóònù rẹ̀, àpò àyà rẹ̀ ni kó máa wà, kì í ṣe nínú báàgì tó fi kọ́ ẹ̀ka. Kó fi ibi tí igi náà wà ránṣẹ́ sí yín láti orí fóònù kó tó gun un, kó sì kọ agogo tí yóò sọ̀ kalẹ̀ sórí fìríìjì. Bí wákàtí kan bá kọjá lórí agogo yẹn, ẹ pè é. Bí kò bá gbé e, ẹ pe àwọn tó ń gbani là, kí ẹ má ṣe máa rò pé ó ṣeé ṣe kó máa wá ẹran. Bí ó bá pa ẹran, kó pè yín kó tó sọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ló máa ń gbàgbé igbà.

*Mo kí ọ, ọmọ mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Maryland ni mo wà lọ́dọ̀ ọmọ. Bàbá mi ọdẹ, èmi ọdẹ. Ọdẹ kì í polówó ara rẹ̀. Ìjálá ni à ń sun, ẹran ni à ń gbé wálé. Kí ni kámẹ́rà ń wá láàrin ọdẹ àti ẹran? — Àgbà Ọdẹ*

Ẹ̀yin bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀wọ̀ jiyàn díẹ̀.

Ọdẹ tó ń sun ìjálá, ṣé kì í ròyìn ara rẹ̀ ni? Ẹran tó pa ní àná á tóbi sí i bí ẹmu bá ti ń lọ nílẹ̀. Kámẹ́rà kì í mu ẹmu. Àwọn baba wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Èmi máa ń jẹ́ kí fídíò ro ìṣẹ́ náà, mo sì ń pín ẹran.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ òde òní. Fred Bear, tó kú ní 1988, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́fà Amẹ́ríkà ń júbà fún, gbé kámẹ́rà lọ sínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a yà á. Ẹgbẹ́ Pope and Young pàápàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 láti máa ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹran ńlá tí a fi ọfà pa, tí wọn kò fẹ́ ẹ̀rọ oníná lára ọrun, gbà ní 2014 pé kí a lè fi ẹ̀rọ agbàwòrán sí i, bí kò bá ṣáà ti ràn wá lọ́wọ́ láti fojú sun ẹran. Ìdí ọfà tó ń tàn náà wọlé nígbà kan náà, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí a rí ọfà nínú fídíò.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń gbé e kọ́ nìyẹn, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti abo kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni, ìparí oṣù kọkànlá, ó wà ní yáàdì 22, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ sí mi. Mo ta á. Bí ẹ bá ní kí n búra, màá búra pé ẹ̀yìn èjìká ni ọfà wọlé, inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an. Mo ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo fídíò náà ná, mo sì rọra ń tẹ̀ ẹ́ síwájú ní àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Ọfà mi ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 280 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Yáàdì 22 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, kò tó ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Kámẹ́rà tó ń gba àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá gba bíi 14 nínú àkókò yẹn. Ojú ta ló lè ka àwòrán 14 nínú àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú? Àmọ́ dídún ọsán ń sáré tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti dé etí ẹran nígbà tí ọfà kò tíì rin ìdá mẹ́ta ọ̀nà. Mo rí i báyìí: abo náà tẹ ara rẹ̀ wálẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ jọ láti fò, ó sì ń yí padà. Ọfà bá a lókè ibi tí mo fojú sùn, ó sì wà lẹ́yìn. Ẹ̀dọ̀ ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú ọfà náà nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró máa ń pọ́n fòò, ó sì ń hó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo rọra padà sílé, mo dúró fún wákàtí márùn-ún. Yáàdì 130 sí ibẹ̀ ni mo ti bá a, ó ti kú sí ibi tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí. Ká ní mo gbọ́ ti ojú mi tí mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìdajì wákàtí, yóò dìde, yóò kọjá sínú ilẹ̀ ẹni tí n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá mi ò ní rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sun ìsàlẹ̀ díẹ̀ bí ẹran bá wà lójúfò.

Ibì kan wà tí ẹ ti borí mi. Mo ti rí ẹran tó dúró ní gbangba, tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, tí mo ṣì ń wá a lójú kámẹ́rà. Mo ti rí ẹlòmíràn tó ta á láti iwájú, ibi tí kò yẹ, torí pé àwòrán dára. Ìyẹn burú. Ohun tí mo bá ara mi sọ ni pé bí àwòrán bá kùnà tí ẹran sì dúró dáadáa, màá ta á láìsí fídíò. Bí àwòrán bá dára tí ẹran kò dúró dáadáa, kó máa lọ. Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bí kámẹ́rà bá já, mo ṣì jẹ́ ọdẹ. Lọ́dún tó kọjá, ẹran méjì ni mo pa, fídíò kan ni mo rí. Ẹ bá mi sun ìjálá fún èyí tí kò sí.

*Kámẹ́rà mi máa ń dúdú kí àkókò ọdẹ tó parí lálẹ́. Kí ni kí n ṣe? Bátìrì mi náà kì í pẹ́ mọ́ nínú òtútù. — T., Cleveland*

Bátìrì: fi méjì sínú àpò tó kan ara rẹ, kó móoru, kí o pààrọ̀. Òtútù ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Ìmọ́lẹ̀: sún àwòrán sẹ́yìn, torí pé ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ń pàdánù ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ nǹkan. Bí o bá ń gba àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bọ́ sí 30, kí o sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá 60 ìṣẹ́jú-àáyá dípò ìdá 120. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á di ìlọ́po méjì. Wàá pàdánù díẹ̀ nínú bí o ṣe lè fa ọfà náà lọ́ra wò. Bí ìyẹn kò bá tó, ó ti tó àkókò láti gbàgbé fídíò, kí o máa ṣọdẹ.

Ohun tí o kò béèrè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kámẹ́rà tuntun ń rí òru ju ojú èèyàn lọ. Ní Ohio, ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni òfin ní kí a dáwọ́ dúró. Mo ti wo ojú kámẹ́rà rí, ọ̀sán ni mo rí níbẹ̀, ẹran ń jẹun kedere. Mo gbójú sókè, òkùnkùn biribiri. Aago ti fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kọjá ìgbà tí òfin ní ká dáwọ́ dúró. Bí mo bá ta á, fídíò tí mo fọwọ́ ara mi yà, tí agogo wà lára rẹ̀, ni ẹ̀ṣọ́ ẹran ìgbẹ́ yóò gbé wá sí kóòtù. Aago ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú 25 lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn. Bó bá ti gbọ̀n, mo ti ń fi ọfà padà sínú apó, mo ń tú apá kámẹ́rà, mo sì ń wá igbà mi.